Ìwà Tó Yẹ Nínú Ìtẹ̀jáde Jọ́nà Akadá: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kan Ìbàdàn

Jọ́nà akadá ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí fi ń sọ fún ara wọn àti fún gbogbo ayé ohun tí wọ́n wá, bí wọ́n ṣe wá a, àti ohun tí wọ́n rí. Ó yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn, ó sì yàtọ̀ sí ìwé tí ẹnì kan dá kọ tí ó sì gbé fún atẹ̀wé, nítorí pé kí iṣẹ́ kan tó wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú gbọ́dọ̀ ti kà á, kí wọ́n bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè, kí wọ́n ní kí ó tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá a padà fún un pátápátá. Inú kíkà yìí ni gbogbo iyì jọ́nà wà. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó kà á, bébà tí wọ́n tẹ orúkọ sí lásán ni, ì báà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán, kí olóòtú rẹ̀ sì máa gbé ní ìlú òyìnbó.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó padà di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1962 ni ó sì dá dúró. Ṣùgbọ́n kí ó tó dá dúró ni àwọn onímọ̀ ìtàn ti dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1955, tí jọ́nà ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1956, ní àkókò tí Kenneth Dike àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ní ìtàn tí a lè wádìí, tí a sì lè kọ sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní UCH, ìyẹn ilé-ìwòsàn Yunifásítì náà, ní jọ́nà tirẹ̀ pẹ̀lú, African Journal of Medicine and Medical Sciences, tó ti ń jáde láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ nínú ọgbà Yunifásítì ló ní jọ́nà tí wọ́n ń bójú tó, àwọn olùkọ́ tí ń gbé ní Bódìjà ń fi òru ka iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó sì tò lọ ní Agbowó, ní ọ̀kánkán géètì Yunifásítì, ń jẹun lórí títẹ̀, fọ́tòkọ́pì àti dídi ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ohun tó bá ba jọ́nà jẹ́ kò lè ṣe kí ó má kan ìlú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ kan ń gbà kí ó tó di títẹ̀ jáde kò ṣòro láti ṣàlàyé. Òǹkọ̀wé á fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú, olóòtú á wò ó bóyá ó bá ohun tí jọ́nà náà wà fún mu, bí ó bá sì bá a mu, á fi ránṣẹ́ sí aṣàgbéyẹ̀wò méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn àwọn akẹgbẹ́ òǹkọ̀wé tí wọ́n jinlẹ̀ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà, tí olóòtú sì sábà máa ń fi orúkọ wọn pamọ́ kí wọ́n lè sọ òótọ́ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn ni iṣẹ́ aṣàgbéyẹ̀wò jẹ́, nítorí pé kì í sábà gba kọ́bọ̀ lé e lórí. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í wọ yàrá ìwádìí, kì í lọ bá àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kì í sì í dé oko láti ka iye ẹ̀gẹ́ tí olùwádìí ní òun gbìn. Ohun tí òǹkọ̀wé bá ní òun ṣe ni ó ń gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́, tí ó wá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà tó gbà dára àti bóyá èsì tó gbé kalẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀rí rẹ̀. Nítorí náà, irọ́ tó bá ti ọwọ́ òǹkọ̀wé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ lè gba ọwọ́ aṣàgbéyẹ̀wò tó já fáfá kọjá láìjẹ́ pé ó rí i.

Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fẹnu kò lé lórí pé ó burú jù nínú iṣẹ́ ìwádìí. Àkọ́kọ́ ni híhun èsì, èyí tí olùwádìí fi ń kọ iye tí kò ti inú ìwádìí kankan wá, bí ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kún igba fọ́ọ̀mù ìbéèrè, tó wá kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́jà Bódìjà ni wọ́n dáhùn. Èkejì ni yíyí èsì po, tó fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìwádìí wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùwádìí yọ àwọn aláìsàn tí oògùn kò ràn lọ́wọ́ kúrò nínú ìṣirò, tàbí kí ó fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ṣe kí ohun tí kò sí lè hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àjíkọ, ìyẹn kíkó ọ̀rọ̀, èrò tàbí èsì ẹlòmíràn sínú iṣẹ́ ẹni láìdárúkọ ẹni tó ni ín, yálà ó kó o bí ó ṣe wà, tàbí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí ó túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Faransé tí wọ́n fi kọ ọ́ ní Kùtọnu sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe ara mẹ́ta yìí ṣùgbọ́n tí wọ́n lòdì sí ìlànà jọ́nà síbẹ̀, irú bí fífi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí gígé ìwádìí kan sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di iṣẹ́ márùn-ún. Àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú kò sí lára wọn: olùwádìí tó ṣì í ṣírò, tó sì kọ̀wé sí olóòtú pé òun ṣì í, ṣe ohun tí ìmọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó fọwọ́ kan Áfíríkà gidigidi jẹ́ kí a mọ bí ìrìnàjò èsì tí a kò lè rí ìdí rẹ̀ ṣe lè jìn tó. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà, jọ́nà ìṣègùn The Lancet tẹ iṣẹ́ kan jáde tó ní òun lo àkọsílẹ̀ aláìsàn 96,032 láti ilé-ìwòsàn 671, tó sì ní ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n fún ní hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn mọ̀ láti ayé ibà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá apá tó jẹ mọ́ oògùn náà dúró nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ka iṣẹ́ náà fínnífínní ni wọ́n fura, nítorí pé bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tí àrùn náà ti mú ní Áfíríkà nígbà náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Surgisphere, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá fáìlì aláìsàn láàárín òkìtì bébà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Surgisphere kò gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ àkójọ rẹ̀ wò, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, mẹ́ta nínú àwọn òǹkọ̀wé mẹ́rin ní kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwọn ìjọba ti yí ìlànà ìtọ́jú padà nítorí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí. Patrick Okonta àti Theresa Rossouw tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013, nínú èyí tí wọ́n bi àwọn olùwádìí tó pé jọ sí ìpàdé onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè yìí léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ti ṣe rí, ìdá 68.9 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́wọ́ ọ̀kan ó kéré tán nínú ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n tò síwájú wọn. Àjíkọ, tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ló kéré jù, ní ìdá 9.2. Èyí tó wà lára àwọn tó pọ̀ jù ni àríyànjiyàn lórí orúkọ òǹkọ̀wé, ní ìdá 36.4, ìyẹn ìbéèrè ta ni orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà lórí iṣẹ́ àti ta ni kò yẹ.

Ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣe kedere. Ẹni tí a lè pè ní òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti kó ipa gidi nínú gbígbèrò ìwádìí náà tàbí nínú kíkó èsì rẹ̀ jọ àti títúmọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti bá wọn kọ ọ́ tàbí kí ó ti ṣàtúnṣe pàtàkì sí i, ó gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ẹ̀dà tó kẹ́yìn, kí ó sì gbà láti dáhùn fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló gbọ́dọ̀ pé, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó wá owó, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, ẹni tó yá wọn ní ẹ̀rọ, ìdúpẹ́ ni tiwọn, àyè sì wà fún ìdúpẹ́ ní ìparí gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọ̀wọ̀ àgbà ti jinlẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò bá fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sí iṣẹ́ lè di aláìmoore lójú gbogbo ẹ̀ka, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá yìí kan náà ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀ yẹ̀ wò. Láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ pẹ̀lú, àdéhùn máa ń wà pé kí oníkálùkù fi orúkọ èkejì sí tirẹ̀, kí iṣẹ́ kan lè di méjì fún àwọn méjèèjì. Ọ̀wọ̀ kọ́ ni èyí, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ọ̀wọ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí irọ́ nínú iṣẹ́ náà, ọ̀gá tí kò kà á rí á wà lára àwọn tí orúkọ wọn bàjẹ́, kò sì ní lè sọ pé òun kò mọ̀ láìjẹ́wọ́ pé òun kò kọ ọ́.

Ìgbéga tí a dárúkọ yìí ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà ń kọ́ni, ó ń ṣe ìwádìí, ó sì ń sin ìlú, ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ tó ti tẹ̀ jáde ló ń pinnu bóyá yóò gòkè láti ipò kan dé òmíràn, àwọn yunifásítì sì ti fi kún un pé apá kan nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jáde ní òkè òkun. Èrò tó wà lẹ́yìn òfin yìí kò burú: wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ olùkọ́ Ìbàdàn dé ibi tí àwọn àjèjì tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò láìṣojúsàájú. Ohun tó tẹ̀lé e ni Ayọ̀kúnlé Ọmọ́bọ̀wálé, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé nínú jọ́nà Current Sociology ní 2014. Wọ́n fi hàn pé nígbà tí àmì òkè òkun di ohun tí ìgbéga ń béèrè, ọjà kan ṣí sílẹ̀ fún un, pàápàá láti Éṣíà, níbi tí àwọn atẹ̀wé ti ń gba owó lọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n sì ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ kíákíá, láìka bóyá iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára sí. Ìwé náà jáde ní òkè òkun lóòótọ́, ó sì bá òfin mu. Kìkì pé kò sí ẹni tó kà á níbẹ̀.

Jeffrey Beall, olùtọ́jú ilé-ìkàwé kan ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, èyí tí a lè pè ní jọ́nà apanijẹ, ó sì ń kó orúkọ wọn jọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017 tí ó mú àkójọ náà kúrò. Sísan owó fún ìtẹ̀jáde nìkan kọ́ ni ó ń sọ jọ́nà di apanijẹ, nítorí pé àwọn jọ́nà gidi wà tí òǹkọ̀wé ń sanwó fún kí gbogbo ayé lè ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ni pé ó gba owó àgbéyẹ̀wò, kò sì ṣe àgbéyẹ̀wò. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n: lẹ́tà ìpè tó ń yin olùkọ́ lórí ìmọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìlérí pé iṣẹ́ yóò jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti jọ́nà kan tó ti lókìkí, ìgbìmọ̀ olóòtú tí àwọn kan nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé orúkọ àwọn wà níbẹ̀, àti owó tí wọn kì í dárúkọ àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ tán. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Cenyu Shen àti Bo-Christer Björk, iṣẹ́ tó jáde nínú irú àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀ lọ sókè láti nǹkan bí 53,000 ní ọdún 2010 dé nǹkan bí 420,000 ní 2014, àti pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn òǹkọ̀wé wọn wá láti Éṣíà àti Áfíríkà.

Ní ọdún 2013, akọ̀ròyìn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Bohannon, dán àwọn jọ́nà wò. Ó ṣe iṣẹ́ ayédèrú kan lórí oògùn jẹjẹrẹ, ó kó àṣìṣe ńlá sínú rẹ̀ tí ẹni tó bá kà á dáadáa kò lè ṣàìrí, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. 157 nínú wọn gbà á. Apá kan wà nínú ìdánwò yìí tó yẹ kí ó dun ọmọ Áfíríkà: àwọn òǹkọ̀wé tí kò sí láyé tó fi orúkọ wọn sí iṣẹ́ náà, orúkọ Áfíríkà ni ó fún wọn, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní àwọn ìlú Áfíríkà, nítorí ó rò pé kò ní sí ẹni tí yóò fura bí wọn kò bá rí ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí David Moher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yẹ iṣẹ́ 1,907 wò nínú àwọn jọ́nà tí wọ́n fura sí, tí wọ́n sì gbé èsì wọn jáde nínú Nature ní 2017, Íńdíà ló kó ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, Amẹ́ríkà kó ìdá 15, Nàìjíríà sì kó ìdá 5. Kì í ṣe àrùn òtòṣì nìkan, nítorí pé Amẹ́ríkà wà ní ipò kejì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bá olùkọ́ Ìbàdàn kò dọ́gba pẹ̀lú ti olùkọ́ Amẹ́ríkà, nítorí pé owó oṣù rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ sí dọ́là láti fi san owó náà, àti pé iṣẹ́ tó sanwó fún, ì báà jẹ́ iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe tọkàntọkàn, ti wọ ibi tí onímọ̀ gidi kì í lọ kàwé. Ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé OMICS ti Hyderabad ní Íńdíà lẹ́bi ní 2019, ó sì ní kí ó san dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù àádọ́ta fún ẹ̀tàn. Ìdájọ́ yẹn kò lè gba àwọn ìwádìí tó ti rì síbẹ̀ padà.

Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó kú ní 2024, ti rí i tipẹ́tipẹ́ kí ọjà yìí tó ṣí. Ó ṣàlàyé pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Áfíríkà kọ ojú síta: inú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó ẹ̀rí jọ, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe àlàyé rẹ̀, òkè òkun ni jọ́nà wà, àwọn ará òkè òkun sì ni olùwádìí Áfíríkà ń kọ̀wé fún, títí tí yóò fi máa yan ìbéèrè tó wù wọ́n dípò èyí tó kan àwọn aládùúgbò rẹ̀. Jọ́nà apanijẹ fi ohun kan kún àlàyé rẹ̀. Kódà nígbà tí òkè òkun kò nífẹ̀ẹ́ sí ohun tí olùkọ́ náà kọ rárá, òjìji rẹ̀ ṣì tó láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Apá kejì ìwà tó yẹ nínú jọ́nà kan àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí, ìtàn Nàìjíríà sì ní ẹ̀kọ́ kan tó korò nínú èyí. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ, igba ọmọ ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà, ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, mọ́kànlá sì kú. Pfizer dúró lórí rẹ̀ pé àrùn náà ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn, àti pé àwọn òbí gbà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn náà fi hàn pé lẹ́tà tí wọ́n ní ó fi àṣẹ ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn hàn, lẹ́yìn ìdánwò náà ni wọ́n kọ ọ́ tí wọ́n wá fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i, nígbà tí ilé-ìwòsàn náà kò tilẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 75 láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò. Ohun tí owó kò lè tún ṣe ni ìgbẹ́kẹ̀lé: nígbà tí àwọn ará Kánò kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ìkọ̀sílẹ̀ náà ka ọ̀rọ̀ Trovan mọ́ ohun tó dá ìfura sílẹ̀.

Ní 2005 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera kalẹ̀, Clement Adébámọ̀wọ́, oníṣẹ́-abẹ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, sì ni alága rẹ̀ nígbà náà. Ìwé ìlànà wọn jáde ní 2007, òfin ìlera ti 2014 sì fi ìdí ìgbìmọ̀ náà múlẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ tí Yunifásítì àti UCH jọ ní ló ń ka ètò ìwádìí kí olùwádìí tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan: ó ń béèrè bí wọn yóò ṣe gba ìyọ̀ǹda, èdè tí wọn yóò fi ṣàlàyé fún ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá yí ọkàn padà ní àárín ọ̀nà, àti bí wọn yóò ṣe pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà àṣẹ ìgbìmọ̀ yìí ni jọ́nà gidi máa ń béèrè kí ó tó gba iṣẹ́ wọlé. Olóòtú tó gbà á láìbéèrè ti bá olùwádìí náà lọ́wọ́ nínú ohunkóhun tó bá ṣe fún aláìsàn.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ̀sùn kan iṣẹ́ tó ti jáde, olóòtú kò gbọ́dọ̀ dákẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dájọ́ fúnra rẹ̀. Láti 1997 ni àwọn olóòtú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ COPE sílẹ̀, tí ń tọ́ jọ́nà sọ́nà lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìlànà wọn sì ni pé kí olóòtú kọ́kọ́ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó béèrè àkójọ èsì tó wà nílẹ̀, bí ìdáhùn kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ òǹkọ̀wé, nítorí pé àwọn ni wọ́n lè wọ yàrá ìwádìí, kí wọ́n sì ṣí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á fagi lé iṣẹ́ náà. Fífagi lé e kì í ṣe pípa á rẹ́. Iṣẹ́ náà á ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n àkọlé kan á wà lórí rẹ̀ tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé e mọ́, àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ lè mọ̀. Ní 2023 nìkan, iṣẹ́ tí wọ́n fagi lé lágbàáyé lé ní 10,000, ó sì lé ní 8,000 nínú wọn tó wá láti inú àwọn jọ́nà ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Hindawi, lẹ́yìn tí Wiley tó ra ilé-iṣẹ́ náà rí i pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ akadá fún títà ti ta ọgbọ́n wọ inú ètò àgbéyẹ̀wò wọn. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé ni pé wọ́n kì í fagi lé iṣẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹ̀ka, wọ́n á bẹ ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ á sì tán lábẹ́lẹ̀. Àánú tó wà nínú èyí kò bo ìpalára rẹ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò gbà á gbọ́.

Àwọn yunifásítì ti ń lo sọ́fítíwìà tó ń fi iṣẹ́ wé àwọn mìíràn láti mọ ohun tó jọra, irú bíi Turnitin, tàbí EagleScan tí àjọ ìjọba TETFund gbé kalẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń sọ, kò lè sọ ẹni tó jalè. Iṣẹ́ lè ní ìjọra púpọ̀ nítorí àkójọ ìtọ́kasí rẹ̀, òmíràn sì lè mọ́ tónítóní nítorí pé wọ́n ti yí gbogbo gbólóhùn tí wọ́n jí kó padà, èyí tí ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ti wá sọ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù. Ní 2023, COPE àti ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìṣègùn sọ ọ́ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, nítorí pé kò lè dáhùn fún ohun tó kọ, àti pé òǹkọ̀wé tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ bí òun ṣe lò ó. Ẹ̀rọ tó ń wá ìjọra kò lè ṣe ohun tí aṣàgbéyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tó bá rí ìtọ́kasí kan tó sì mọ̀ pé ìwé náà kò sí láyé.

Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí àtúnṣe ti lè wá kò jìnnà sí ilé. African Journals Online, tí ń kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pẹ̀lú àjọ INASP ní 2017 tó ń fi ìràwọ̀ dá jọ́nà mọ̀, láti èyí tí kò ní ìràwọ̀ rárá dé èyí tó ní mẹ́ta, wọ́n sì ń wo bóyá jọ́nà sọ bí ó ṣe ń ṣe àgbéyẹ̀wò, bóyá ó ń jáde lákòókò, àti bóyá ó ní ìlànà fún àtúnṣe àti ìfagilé. Jọ́nà tí ẹ̀ka kan ní Ìbàdàn ń bójú tó, tó ní ìràwọ̀ méjì, tí àwọn aṣàgbéyẹ̀wò rẹ̀ sì ń kàwé lóòótọ́, dára ju jọ́nà tó kàn ní àdírẹ́sì òkè òkun lọ, òfin ìgbéga sì lè sọ bẹ́ẹ̀ bí àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì bá fẹ́. Kì í tilẹ̀ ṣe àṣà tuntun ni wọn yóò dá sílẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì kọ èrò wọn. Ní ipò ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́ olùkọ́ ti ń kọ́kọ́ yan jọ́nà tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí, iye iṣẹ́ àti ibi tó ti jáde ló sábà máa ń borí. Bí wọ́n bá ní kí ó mú mẹ́ta péré tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ wá, tí àwọn méjì láti ìta Ìbàdàn sì kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní sí ohun tí jọ́nà apanijẹ lè tà fún un.